Níbo Ni Omi Ń Gbà Lọ? Oṣù Méje Èmi àti Micra Mi ní Ìbàdàn

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń fi sínú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ mi. Gbogbo náírà tí ọkọ̀ náà bá jẹ, inú rẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí: ọjọ́, ohun tí a ṣe, ẹni tó ṣe é, iye tó gbà. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá ọdún 2023, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba ojú ìwé méje. Ọkọ̀ ń gbóná. Mo fẹ́ tú ojú ìwé méje náà sílẹ̀ níbí bí wọ́n ṣe tẹ̀léra, nítorí pé lójoojúmọ́ ni mò ń rí ọkọ̀ tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá títì, tí ẹni tó ni ín di kẹ́ẹ̀gì omi mú, tí ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Ó máa ń dùn mí, torí mo mọ ibi tí owó rẹ̀ ń lọ.

Nissan Micra ni, ọdún 2000 ni wọ́n ṣe é, onílẹ̀kùn márùn-ún, ẹ́ńjìnnì lítà kan, jíà mánúwà. Mo rà á ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ní ₦780,000, lọ́wọ́ ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn kò ní bi mí pé kí ló dé tí mo fi yan Micra. Òun ni takisí wa. Òun ló ń ná Ìwó Road sí Géètì, Sángo sí Ọ̀jọ́ọ̀, Dùgbẹ̀ sí Mókólá, láti àárọ̀ di alẹ́, pẹ̀lú èrò àti ẹrù wọn. Ọkọ̀ tí takisí bá ń lò, páàtì rẹ̀ kì í ṣòroó rí. Ní ọjà Aràròmí ní Àgodi-Gate, o lè ra tuntun, o sì lè ra Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òkè òkun. Ṣéènì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì tó lè já lójijì kó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Olùkọ́ ni mí. Ilé mi wà ní Akóbọ̀, ilé ìwé wa wà ní Bódìjà, ìyá mi ń gbé nítòsí Ọjà'ba. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mo máa ń gbé Màmá lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí mo nílò ọkọ̀ fún kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Abẹ́rẹ́ géèjì ooru, tí kì í kọjá àárín láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀, ń rọra gòkè. Nígbà tí ọ̀nà là, tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lu iwájú ọkọ̀, ó tún sọ̀kalẹ̀. Mo délé, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, mo ṣí ìdérí rédíétọ̀, ibi tí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ti ń tutù, n kò rí omi lójú. Lítà kan àti ààbọ̀ ló gbà kó tó kún.

Ọkọ̀ tó bá ń gbóná nígbà tó dúró, tó sì ń tutù nígbà tó ń sáré, fáànù ni àwọn mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ fura sí, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n lítà kan àti ààbọ̀ omi ti lọ. Fáànù kì í mu omi. N kò ro ìyẹn nígbà náà, kò sì sí ẹni tó rò ó fún mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní àdúgbò wa mọ iṣẹ́, ó sì ní ọ̀wọ̀. Ó wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. “Màmí, fáànù yín kì í tètè ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà so ó ní dírẹ́ẹ̀tì, bí ẹ bá ti sitáàtì ọkọ̀ báyìí ni yóò máa yí. Ẹ jẹ́ ká yọ thermostat náà sọnù, ti àwọn òyìnbó nìyẹn, kò wúlò nínú ooru tiwa.” Mo gbà. Mẹkáníìkì gba ₦2,500, rìwáyà, ẹni tó ń ṣe iná ọkọ̀, gba ₦4,000.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí thermostat yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa la ti jẹ́ kí wọ́n yọ tiwa. Ilẹ̀kùn kékeré ni, ó wà lójú ọ̀nà tí omi ń gbà káàkiri láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Títì ló máa ń wà títí omi yóò fi gbóná tó nǹkan bí 80 sí 90 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, kó tó ṣí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún, kó sì dúró síbẹ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì àti ooru ìlú kì í ṣe ẹgbẹ́: ọ̀sán Ìbàdàn tó mú jù kì í sábà dé 40. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́ nínú òtútù, yóò sì máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. N kò mọ̀ ọ́n lára ní oṣù kẹrin. Ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n lára ni lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan tí à ń rà ní nǹkan bí ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìwé mi dáadáa, tí mo rí i pé epo tó ń gbé mi fún ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ kì í dé ọjọ́ Ẹtì mọ́.

Fáànù tó ń yí láti òwúrọ̀ di alẹ́ bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ fún bí oṣù kan. Abẹ́rẹ́ kò gòkè mọ́. Àmọ́ omi ṣì ń dín. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mò ń bu omi bóhòlù ilé wa sí i. Nígbà tí oṣù karùn-ún ń lọ sópin, abẹ́rẹ́ tún gbéra. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní rédíétọ̀ ti dí. Òótọ́ ni pé ó ti dí. Nígbà tí wọ́n tú u, omi tó jáde pọ́n bí àgbàrá. Ìpẹta ni. Omi lásán tí kò ní kúláǹtì, ìyẹn oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí irin dípẹta, nínú ló ń jẹ irin ibi tó bá ń gbà kọjá, ìpẹta náà ló sì ń lọ jókòó sínú àwọn ihò tín-ín-rín rédíétọ̀. Mo ra Bẹ́ljíọ̀mù kan ní Aràròmí ní ₦28,000, wọ́n gba ₦4,000 láti fi dè é.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó parí gbogbo rẹ̀. Màmá ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló máa ń jókòó, a sì máa bọ́ bàtà kó lè na ẹsẹ̀.

“Omi wà nílẹ̀ ọkọ̀ rẹ o.”

“Òjò ni, Màmá. Ó rọ̀ mọ́jú.”

“Òjò wo ló ń lọ́ wọ́ọ́rọ́?”

Mo ní ooru ẹ́ńjìnnì ló ń ràn án. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tó ń wakọ̀. Gíláàsì iwájú náà ti ń ṣú láti inú, ọ̀dọ̀ Màmá sì ni ó ti ń ṣú jù; mo ń fi aṣọ nù ún bí mo ti ń wakọ̀ lọ. Èyí náà, òjò ni mo dì í rù. Mo lọ pààrọ̀ rọ́bà etí ilẹ̀kùn ní ₦7,000, mo fún àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ní ₦2,000 kí wọ́n fọ kápẹ́ẹ̀tì kí wọ́n sì sá a sóòrùn. Màmá kò tún sọ nǹkan kan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ lé orí àpò rẹ̀.

Oṣù keje, pọ́ọ̀ǹpù omi. Mẹkáníìkì kejì ló dábàá èyí, ẹni tí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan júwe fún mi. Ó fi ìka kan abẹ́ pọ́ọ̀ǹpù, ó ní ó ń rin. N kò bá a jiyàn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń rin lóòótọ́. Ohun tí mo rántí jù nínú oṣù náà ni iye owó. Ọjọ́ tí mo ra rédíétọ̀ ni mo ti béèrè irú pọ́ọ̀ǹpù yìí, wọ́n pè é ní ₦9,000. Ní àárín oṣù kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ tú ọwọ́ lára náírà, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦470 sì kọjá ₦750. Nígbà tí mo padà dé Aràròmí, pọ́ọ̀ǹpù ₦9,000 ti di ₦14,500. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á fi ìwé tó fi gba ọjà hàn mí. “Àǹtí, èmi gan-an ò mọ iye tí n ó fi ra òmíràn.” Mo gbà á gbọ́. Ọkọ̀ tí kì í jáde ní Ìbàdàn, owó dọ́là ló fi ń jẹun. Mẹkáníìkì gba ₦6,000.

Ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù kẹjọ ni ohun tí mo ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Mo gbé Màmá láti UCH, à ń gba Bẹẹrẹ gòkè Mápó. Ẹni tó bá mọ òkè yẹn mọ̀ pé jíà kékeré ni ọkọ̀ kékeré fi ń gùn ún, pàápàá bí takisí bá dúró lójijì níwájú rẹ̀ láti já èrò. Mo ń wo géèjì. Abẹ́rẹ́ ti kọjá àárín ní Bẹẹrẹ. Bí a ṣe ń gòkè ló ń gòkè, ó dé ibi pupa, lẹ́yìn náà ó já wálẹ̀ lójijì. Ó wálẹ̀ bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sitáàtì ọkọ̀ láàárọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ń bá a lọ.

Ẹ dákun, ẹ bá mi mú èyí lọ́kàn. Irin kékeré tó ń sọ ooru fún géèjì gbọ́dọ̀ wà nínú omi kó tó lè mọ bí omi ṣe gbóná tó. Bí omi bá ti tán nídìí rẹ̀, kò ní ohun tí yóò wọ̀n mọ́. Abẹ́rẹ́ tó ti dé òkè, tó wá já wálẹ̀ lójijì láìsí pé o sinmi, omi ló tán. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Èmi wà á fún bí ìṣẹ́jú méjì sí i. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀kọ̀kọ̀, agbára rẹ̀ lọ, èéfín funfun bo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì kú sí wa lọ́wọ́ nígbà tí a ti ń rí òpó Gbọ̀ngàn Mápó lọ́ọ̀ọ́kán.

Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta sáré wá, wọ́n tì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan ti na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀ kí Màmá tó pariwo mọ́ ọn: “Má ṣí i! Yóò bó ọ lójú!” Ọmọ náà fà sẹ́yìn. Màmá kò kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ níbì kan, ìkòkò tó ti ń hó lórí iná láti kékeré ló fi mọ̀ ọ́n. Ìdérí yẹn ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tí kò fi hó ní 100. Lábẹ́ rẹ̀, omi lè gbóná dé nǹkan bí 120 kó tó hó. Bí wọ́n bá ṣí i báyìí, gbogbo rẹ̀ yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí ojú àti àyà ẹni tó ṣí i. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, èyí tí mo ṣì ń dúpẹ́ lé lórí ni ojú ọmọ yẹn tí kò bó.

Fífa ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù gba ₦10,000. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó. Awẹ́ pẹlẹbẹ kan ni, ó wà láàárín ìdí ẹ́ńjìnnì àti tọ́ọ̀pù sìlíńdà, òun ló ń ya ọ̀nà omi, ọ̀nà ọ́ìlì àti ibi tí epo ti ń jó sọ́tọ̀ kúrò lára wọn. Nígbà tí wọ́n fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ohun tó wà lára rẹ̀ dà bíi tíì tí a bu mílíìkì sí: omi ti wọnú ọ́ìlì. Tọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, àlúmíníọ́ọ̀mù ni, ooru sì ti mú un tẹ̀. Máṣìnísì gbé rúlà irin lé e, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó: ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rúlà kọjá ní àárín. Ó fá ojú rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú, ó gba ₦12,000. Àpapọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦22,000. Ọ́ìlì tí a fi ṣan inú ẹ́ńjìnnì, èyí tí a wá rọ sí i àti fílítà rẹ̀, ₦17,500. Iṣẹ́ ọwọ́, ₦30,000. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ fi wà lọ́hùn-ún, owó takisí tèmi àti ti Màmá láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn jẹ́ ₦13,500. Ìyẹn náà wà nínú ìwé, nítorí pé ọkọ̀ ló fà á.

Wọ́n dá ọkọ̀ padà fún mi, ohùn ẹ́ńjìnnì mọ́ kedere. Ní ọjọ́ kẹfà, mo ṣí rédíétọ̀ láàárọ̀, omi ti dín.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé, mo sì sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n tà á, kí n má fi ọkọ̀ kan pa ara mi. Ẹnì kan fẹ́ san ₦550,000. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ohun tó dá mi dúró ni pé n kò mọ ohun tí n ó sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á bó bá bi mí pé kí ló ń ṣe é. Bí mo bá purọ́ fún un, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni yóò bá a lórí òkè kan.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá, a ń ti UCH bọ̀, mo yà sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń jó rédíétọ̀ nítòsí Géètì. Ohun tí mo bá lọ ni pé kó bá mi wò ó bóyá Bẹ́ljíọ̀mù tí mo rà ló ń jò. Bàbá náà kò fọwọ́ kan ọkọ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ìbéèrè ló ń bi mí.

“Ìyá mi, ìgò mélòó lẹ ń bù sí i lọ́sẹ̀ kan?”

“Méjì, Bàbá. Nígbà mìíràn, mẹ́ta.”

“Ilẹ̀ ibi tí ẹ ń gbé e sí lálẹ́, ẹ máa ń bá omi níbẹ̀ láàárọ̀?”

“Rárá o. Sìmẹ́ńtì ni, gbígbẹ ló máa ń wà.”

“Èéfín ẹ̀yìn ńkọ́? Ó ń funfun?”

“Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe orí ẹ́ńjìnnì, rárá.”

Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ fúnra rẹ̀, ó fi ìka nù ún, ó gbé ìka náà sóòrùn. Ó mọ́. Ó ní, “Omi kì í pòórá. Bí kò bá já sílẹ̀, tí kò gba ẹ̀yìn jáde, tí kò wọnú ọ́ìlì, a jẹ́ pé ibì kan wà tó ń lọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò.”

Ó ní ohun èlò kan, ó dà bí pọ́ọ̀ǹpù kẹ̀kẹ́ tó ní géèjì lórí. Ó dé e mọ́ ẹnu rédíétọ̀ tó ti tutù, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó sì jókòó tì í. Abẹ́rẹ́ géèjì ń rọra wálẹ̀, ìyẹn ni pé ibì kan ń jò. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, kò rí nǹkan. Ó fọwọ́ pa gbogbo họ́ọ̀sì láti ìdí dé orí, wọ́n gbẹ. Abẹ́rẹ́ ṣì ń wálẹ̀. Ó dìde, ó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan, kò sọ̀rọ̀.

Màmá ni ó sọ̀rọ̀. Kò tíì sọ̀kalẹ̀ láti ìgbà tí a ti dé.

“Bàbá, ṣé omi lẹ ń wá? Láti ìgbà òjò ni ẹsẹ̀ mi ti wà nínú rẹ̀.”

Ojú bàbá náà yí padà. Ó sáré lọ sí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kí i, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ẹsẹ̀. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó fún fóòmù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń fún kànìnkànìn. Omi tó jáde pọ́n. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo dúró sí.

“Ìyá mi, ẹ wò ó. Òjò kì í ní ìpẹta nínú.” Ó yíjú sí Màmá, ó ní, “Ohun tí àgbà jókòó rí nìyí o.” Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó sì gbé ojú kúrò. Ìwò yẹn ṣì wà lára mi.

Hítà ni. Irú Micra tèmi yìí, Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 1992. Ní 1993 ló gba oyè Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù, òun sì ni ọkọ̀ Japan àkọ́kọ́ tó gba oyè náà. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún ń wakọ̀ nínú yìnyín. Nítorí náà, rédíétọ̀ kékeré kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ń gba inú rẹ̀ kọjá, fáànù sì ń fẹ́ ooru rẹ̀ sí àwọn èrò. Ní Ìbàdàn, kò sí ẹni tó ń tan hítà. Èmi kò mọ̀ pé mo ní in. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tèmi, bí o tan án bí o kò tan án, omi ń gba ibẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún, rédíétọ̀ kékeré náà ti lu, ó sì ń jò sínú fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ibi tí kò ti lè kán sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni rí i. Èéfín omi gbígbóná rẹ̀ ló ń bo gíláàsì.

Iṣẹ́ tó wá ṣe kò tó wákàtí kan. Ó já họ́ọ̀sì méjèèjì tó wọ inú ọkọ̀ lọ bá hítà, ó fi họ́ọ̀sì kan ṣoṣo so ẹnu méjèèjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí omi máa yí padà síbẹ̀ láìwọnú ọkọ̀ mọ́. Họ́ọ̀sì, kílíìpù mẹ́rin, iṣẹ́ ọwọ́: ₦4,500.

Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé bí ọ̀kan ṣe bí èkejì, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Hítà ń jò, omi ń dín, afẹ́fẹ́ gba ipò omi. Irin tó ń sọ fún fáànù pé ooru ti dé, afẹ́fẹ́ ló wà nídìí rẹ̀ dípò omi, kò sì tètè mọ̀. Ìdí tí fáànù fi ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kò sí ohun tó ṣe fáànù. Nígbà tí wọ́n so ó ní dírẹ́ẹ̀tì, wọ́n pa ẹni tó ń ké lẹ́nu mọ́. Omi bóhòlù tí mo ń bù lé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń mú ìpẹta tuntun wá fún rédíétọ̀. Òkè Mápó kàn jẹ́ ibi tí omi tó kù kò tó mọ́. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá, oṣù méje gbáko.

Ó ní kí n dá thermostat padà, kí n sì jẹ́ kí rìwáyà tú fáànù kúrò ní dírẹ́ẹ̀tì. Mo ṣe méjèèjì ní ₦11,000. Mo ra kúláǹtì ní ₦9,000, a pò ó mọ́ omi, a fi kún inú rẹ̀. Bí mo ṣe ro gbogbo ojú ìwé méje náà pọ̀, ₦197,500 ni. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí mo fi ra ọkọ̀ lọ díẹ̀. Mo fẹ́ ṣe òdodo: rédíétọ̀ ti dí lóòótọ́, n bá ti rà á pẹ́ tàbí yá, kúláǹtì náà kì í ṣe òfò. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ti ká kápẹ́ẹ̀tì yẹn sókè ní oṣù kẹrin, orí ẹ́ńjìnnì ìbá má jó.

Àwọn kan tí mo sọ ọ́ fún ní olè ni àwọn mẹkáníìkì náà. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ rí fáànù tí kò tètè yí, òótọ́ ló rí. Ẹni kejì rí pọ́ọ̀ǹpù tó ń rin. Ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan wọn bá kọ́kọ́ bà ni ó ń tún ṣe, èmi náà sì ń sanwó nítorí mo fẹ́ kí ó tètè tán kí n lè dé kíláàsì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìbéèrè tí bàbá náà fún mi, kò sí ẹni tí ì bá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ̀ mẹ́jọ tò sí. Mo ti padà lọ fi ìwé mi han ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò wa. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó bẹ̀ mí, ó sì pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí wọ́n wá gbọ́. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá gbóná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti rí i tó ń tẹ kápẹ́ẹ̀tì iwájú wò kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Mo fi bírò dúdú fa ìlà sí ara ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, ibi tí omi dé lọ́jọ́ tí a parí iṣẹ́. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó sitáàtì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, mo máa ń wò ó. Omi kò tíì kúrò lójú ìlà náà. Epo tún ń gbé mi dé ọjọ́ Àìkú.

Màmá ṣì ń jókòó níwájú. Bí ó bá wọlé, kó tó ti ilẹ̀kùn, yóò bọ́ bàtà, yóò fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì níbi mẹ́ta. Mo máa ń dúró. N kì í sitáàtì ọkọ̀ títí yóò fi sọ pé, “Ó gbẹ.”